Àwọn Tí Ó Dúró Létí Òkun

Ìròyìn kò tó àfojúbà: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ẹni tí a ròyìn òkun fún lè sọ̀rọ̀ òkun láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dúró létí rẹ̀ rí, tí ìgbì ti gbá a lẹ́sẹ̀, tí iyọ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn létè, òun ni kì í yá ọ̀rọ̀ sọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ó bá iṣẹ́ ọwọ́ wí pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù fi ya òkun láti inú iyàrá, tí iná ń jó nínú ààrò, tí òkun fúnra rẹ̀ sì jìnnà sí wọn. Wọ́n ya ìgbì tí ó ga bí òkè, wọ́n ya ọkọ̀ tí ń rì, àwọn ènìyàn sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí atukọ̀ kan bá dúró níwájú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ó lè béèrè pé, "Níbo ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń fẹ́ wá?" kí ayàwòrán náà má sì rí èsì fún un.

Ìtàn àwọn tí ó gbé àpótí ọ̀dà wọn jáde lọ sí etíkun ni a fẹ́ sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ọdún 1874 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ọdún tí Claude Monet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ àwòrán wọn ní Paris, tí a sì fi orúkọ Impressionists pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí odò tí kò ní orísun. Àwọn mìíràn ti jókòó lórí iyanrìn ṣáájú wọn, tí afẹ́fẹ́ ń já ìwé gbà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó mú kí ìtàn gbàgbé wọn fún ìgbà pípẹ́ kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ohun tí wọ́n yà létí òkun ni gbogbo ènìyàn kà sí iṣẹ́ tí kò tíì parí, àwọn fúnra wọn pàápàá kò sì kà á sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a tó dá àwọn àgbà ayàwòrán lẹ́bi pé wọ́n jókòó sílé, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Ọ̀dà ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí a ń rà ní ìsọ̀ kí a sì fi sí àpò. Wọ́n ní láti lọ àwọ̀ lórí òkúta pẹ̀lú òróró títí yóò fi kúnná. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pa á mọ́, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọn a sì fi okùn di ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán bá ń fẹ́ lò ó, yóò fi ìṣó kékeré lu àpò náà, yóò fún ọ̀dà jáde, yóò sì tún fi ìṣó náà dí ojú ihò. Nígbà púpọ̀ ni àpò a máa bẹ́, tí ọ̀dà a sì máa gbẹ. Ta ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun àpáta etí òkun?

Ìṣòro kejì ni ti òkun fúnra rẹ̀. Ènìyàn tí a ń yà lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga. Igi oko kì í kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ìgbì kan kò dúró de ẹnikẹ́ni rí. Omi a kún, omi a fà. Àwọsánmà tí ó dúdú ní agogo mẹ́jọ ti di funfun kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Ẹni bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ẹni tí ó bá sì fi ojú agogo mẹ́jọ ya òkun agogo mẹ́sàn-án, irọ́ ni yóò yà.

Ìkẹta tilẹ̀ wúwo ju méjèèjì lọ. Àwọn olùkọ́ ń kọ́ni pé èrò ọkàn ni í sọ àwòrán di ńlá. Ohun tí ojú rí lóde, ohun èlò lásán ni, bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde nínú ebè. Ta ni í gbé iṣu pẹ̀lú erùpẹ̀ ka iwájú àlejò? A ní láti fọ̀ ọ́, kí a sè é, kí a gún un, kí a tó bù ú sínú àwo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí àwòrán àyàsílẹ̀, èyí tí a sáré yà ní ìta kí ojú má baà gbàgbé: ohun ìdáná ni, kì í ṣe oúnjẹ.

A rí èrò yìí kedere nínú àṣẹ ọba kan. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì kan wà tí à ń pè ní Willem van de Velde Àgbà, tí a bí ní 1611. Ọkùnrin yìí a máa wọ ọkọ̀ kékeré tọ ogun ojú omi lọ, a sì máa ya ọkọ̀ ogun sórí ìwé bí ìbọn ti ń dún. Òun àti ọmọ rẹ̀, tí ń jẹ́ Willem bákan náà, kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1674, Ọba Charles Kejì pàṣẹ pé kí a máa san £100 lọ́dọọdún fún bàbá láti ya ogun òkun sórí ìwé, kí a sì san £100 fún ọmọ láti fi àwọ̀ kun ohun tí bàbá rẹ̀ yà. Ẹ kíyè sí ìpín náà. Ojú ẹnìkan ni ó rí òkun, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó fi ọ̀dà sí i. Láàárín ìta àti ilé, ògiri wà.

Ní ilẹ̀ Faransé, Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún rán Joseph Vernet níṣẹ́ ní 1753 pé kí ó ya àwọn èbúté ìjọba òun. Vernet rìn láti èbúté dé èbúté fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì parí àwòrán ńlá 15. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pierre-Henri de Valenciennes tẹ ìwé ẹ̀kọ́ kan jáde ní 1800. Ó gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ya ìta pẹ̀lú ọ̀dà olóróró, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe ju wákàtí méjì lọ nídìí ẹyọ kan, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yóò ti yí padà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí oòrùn ń là tàbí tí ó ń wọ̀, ìdajì wákàtí ti tó. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Síbẹ̀ Valenciennes fúnra rẹ̀ kò gbé àwọn àwòrán kéékèèké tí ó yà báyìí ní ilẹ̀ Ítálì lọ sí ìpàtẹ. Inú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi wọ́n sí, fún ìlò ara rẹ̀ àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ John Constable, nítorí ìtàn tirẹ̀ ní omijé nínú. East Bergholt ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i ní 1776. Bàbá rẹ̀ ní ọlọ tí omi ń yí àti èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí. Ọmọ tí a bá sì tọ́ nídìí ọlọ afẹ́fẹ́ kò ní ṣàìmọ ojú ọ̀run kà. Ọdún méje ni ó fi dúró de Maria Bicknell, nítorí pé bàbá àgbà ọmọbìnrin náà, tí í ṣe àlùfáà ìjọ ní East Bergholt, kò fẹ́ ẹ ní àna. Ní 1816 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀rẹ́ wọn John Fisher, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ni ó so wọ́n pọ̀, ó sì gbà wọ́n sí ilé rẹ̀ ní Osmington, nítòsí ìyawọlẹ̀ omi Weymouth. Níbẹ̀ ni ọkọ ìyàwó ti jáde lọ ya òkun, àpáta, àti àwọsánmà tí ń bọ̀ lókè wọn.

Ní 1821 àti 1822, ó gun òkè Hampstead lẹ́bàá London, kò sì ya nǹkan mìíràn lọ́pọ̀ ìgbà ju ojú ọ̀run lásán. Lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ ọjọ́, wákàtí, àti ìhà tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wá, bí akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀. Àmọ́ àìsàn ti wọ ilé. Maria ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí kò ní oògùn nígbà náà; àwọn oníṣègùn sì ní kí ó lọ gba afẹ́fẹ́ òkun. Nítorí náà ni Constable ṣe kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Brighton ní 1824, tí ó sì ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín London àti ibẹ̀ títí di 1828.

Kò fẹ́ràn ìlú náà. Ariwo ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin àti ogunlọ́gọ̀ àwọn onífàájì tí ó kún etí omi sú u. Ṣùgbọ́n òkun àti ojú ọ̀run kò sú u rí. A máa jókòó lórí òkúta wẹẹrẹ etíkun, a ṣí àpótí ọ̀dà rẹ̀, a fi ìwé kékeré há inú ìdérí rẹ̀, a gbé e ka orí orúnkún, a sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí ó fi ṣe tábìlì. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kan, a rí àwọn ọkọ̀ tí ń kó èédú tí omi ti fà sílẹ̀ lórí iyanrìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé ọjọ́ 19 oṣù Keje 1824 ni, pé alẹ́ dára púpọ̀, pé omi tí ń fà ti fi iyanrìn sílẹ̀ ní tútù, àti pé ọjọ́ ìbí ọmọ òun Maria ni. Ọmọ náà, tí a sọ ní orúkọ ìyá rẹ̀, pé ọmọ ọdún márùn-ún lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bí ìwé pélébé kan ti lè gba nǹkan tó: ìmọ́lẹ̀, omi, èédú, àti ìfẹ́ bàbá sí ọmọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1825, ó di méjìlá nínú àwọn àwòrán Brighton yìí sínú àpótí, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Fisher, ó ní bóyá rírí òkun yóò mú inú aya ọ̀rẹ́ òun dùn. Èyí fi ipò tí ó fi wọ́n sí hàn wá: ohun tí a lè fi dá ọ̀rẹ́ lára yá ni, kì í ṣe ohun tí a lè fi síwájú Royal Academy. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe èyí tí yóò gbé lọ síbẹ̀, London ni ó padà sí, ó na aṣọ tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́fà mọ́ igi, ó sì fi oṣù púpọ̀ ya Chain Pier ti Brighton, afárá tí a fi ẹ̀wọ̀n irin gbé kọ́ wọ inú òkun. Ó pàtẹ rẹ̀ ní 1827. Títí ó fi kú, kò rí ẹni rà á. Ìjì wó afárá náà fúnra rẹ̀ ní 1896; àwòrán Constable ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tate ní London.

Afẹ́fẹ́ òkun kò wo Maria sàn. Ó bí ọmọ keje ní oṣù Kìíní 1828, ó sì kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ní oṣù Kejì 1829 ni Royal Academy ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Constable ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kíkún, nígbà tí ẹni tí ìbá bá a yọ̀ kò sí mọ́. Òun pẹ̀lú kú ní 1837. Àwọn àwòrán kéékèèké tí ó yà létí òkun wà nínú ilé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ fún bí àádọ́ta ọdún, títí Isabel ọmọbìnrin rẹ̀ fi fi ọ̀pọ̀ nínú wọn ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé South Kensington àti Royal Academy lọ́rẹ ní 1888. Ìgbà náà ni gbogbo ayé tó láǹfààní láti rí wọn.

Ṣùgbọ́n ìròyìn Constable ti kọjá òkun ṣáájú èyí. Ní 1824 kan náà tí ó kọ́kọ́ kó àwọn ará ilé rẹ̀ lọ sí Brighton, a gbé àwòrán oko rẹ̀ ńlá kan, The Hay Wain, lọ sí ìpàtẹ Salon ní Paris, Ọba Faransé sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Richard Parkes Bonington, tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Calais nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ń rìn kiri etíkun Normandy pẹ̀lú ọ̀dà olómi rẹ̀. Ó ya iyanrìn tí omi ti fà kúrò lórí rẹ̀, àti àwọn apẹja tí ń dúró de ọkọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa òun náà ní 1828, ọmọ ọdún 25 péré. Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán Faransé ti rí ọ̀nà tí ó tọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ àti onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ọ̀nà náà rọrùn. Àwọ̀ búlúù tí ó dára jù láti ayé àtijọ́ wá ni a ń rí nínú òkúta iyebíye tí ó ti Afghanistan wá, iye rẹ̀ sì ń dẹ́rù ba ni. Ní 1824, ẹgbẹ́ kan ní Paris kéde ẹ̀bùn 6,000 franc fún ẹni tí ó bá lè fi ọgbọ́n ṣe irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Jean-Baptiste Guimet sì gba ẹ̀bùn náà ní 1828. Ní 1841, John Goffe Rand, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń gbé London, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀pá tánganran rírọ̀ kékeré tí a ń rọ ọ̀dà sí, tí a fi ìdérí dé, tí a sì lè fún díẹ̀díẹ̀. Àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti rí arọ́pò. Ní 1847, ojú irin láti Paris dé Le Havre létí òkun. Ohun tí ó jẹ́ ìrìn àjò tẹ́lẹ̀ di ìrìn wákàtí díẹ̀.

Létí òkun yìí gan-an ni ọkùnrin tí ìtàn wa ń wá kiri ti ń dúró dè wá. Eugène Boudin ni orúkọ rẹ̀. Honfleur, ìlú apẹja ní ẹnu odò Seine, ni a bí i sí ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1824. Inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, Eugène pẹ̀lú sì ti bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ní kékeré. Ẹ̀kọ́ ilé ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Ní 1835, àwọn òbí rẹ̀ kọjá sí òdìkejì odò, sí Le Havre, níbi tí ọmọ náà ti lọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníwèé. Ní 1844, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣí ìsọ̀ tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé tí wọ́n sì ń kan férémù. Àwọn ayàwòrán tí ó wá sí etíkun a máa kó àwòrán wọn wá síbẹ̀ fún férémù, wọn a sì máa fi hàn lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ atukọ̀ ṣe ń wo iṣẹ́ àwọn àgbà lójoojúmọ́, tí ó ń kan igi yí i ká. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó di ayàwòrán.

Ìyà jẹ ẹ́. Ìlú Le Havre ṣàánú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta ní 1851, pé kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Paris. Wọ́n ń retí pé yóò padà wá di ayàwòrán ńlá tí yóò máa ya ìtàn àti ènìyàn pàtàkì. Nígbà tí ó dé, kí ni wọ́n rí? Ọkùnrin kan tí ń jáde lọ sí bèbè omi lówùúrọ̀ láti ya àwọsánmà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí yóò mọ bí ọkàn àwọn olóore rẹ̀ yóò ti rí. Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ń lọ sí etí omi. Ó gbàgbọ́ pé ohun tí a bá yà lójú ibẹ̀ gan-an ní agbára kan tí a kì í rí mọ́ nínú ilé, àti pé ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kan aṣọ níwájú ohun náà sàn ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì nínú yàrá lọ.

Ní 1859, akéwì Charles Baudelaire wá sí Honfleur, ó sì wọ yàrá Boudin. Ó bá àwòrán ojú ọ̀run àti omi lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, tí a fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ yà kíákíá níwájú òkun. Létí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Boudin kọ ọjọ́, wákàtí, àti irú afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́. Ẹnu ya akéwì náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìpàtẹ ọdún náà pé bí a tilẹ̀ fi ọwọ́ bo àkọlé náà, ènìyàn lè fi ojú lásán mọ àsìkò, wákàtí, àti afẹ́fẹ́ inú àwòrán. Atukọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti rí èsì ìbéèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó tún sọ: ó ní Boudin kò pe àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ní àwòrán, èyí tí ó parí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Àní ẹni tí ó yìn wọ́n jù lọ kò lè gbà pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ìgbà tí Baudelaire wá, Boudin ti rí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ọmọ ọdún bí 17 kan lójú fèrèsé oníférémù ní Le Havre. Claude Monet ni ọmọ náà, a bí i ní 1840. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó fi ń pa owó. Boudin sọ fún un pé ó ní ẹ̀bùn, kí ó má sì fi í mọ sí ẹ̀fẹ̀. Kí ó bá òun jáde lọ ya ìta. Ọmọ náà kọ̀. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ Boudin rárá, ó sì ń wá àwáwí. Ṣùgbọ́n àgbà náà kò bínú, kò sì dákẹ́, títí ọmọ náà fi tẹ̀lé e lọ sí Rouelles lẹ́yìn ìlú. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ àgbà bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Monet dàgbà, ó sọ pé ńṣe ni ó dà bí ẹni pé aṣọ ìkélé kan ya lójú òun. Nígbà tí ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn olókìkí ayé, ó jẹ́wọ́ pé Boudin ni òun jẹ ní gbèsè fún gbogbo ohun tí òun dà.

Ní 1862, ẹnìkẹta dé, Johan Barthold Jongkind, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì tí a bí ní 1819. Ọtí àti òṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà olómi tí ó ń yà lójú òkun mọ́lẹ̀ bí omi orísun. Àwọn mẹ́ta yìí jọ ṣiṣẹ́ ní etíkun Normandy. Ilé oko Saint-Siméon, lókè Honfleur, ni àwọn ayàwòrán ti ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Mère Toutain ni ó ń gbà wọ́n lálejò. Ní nǹkan bí ìgbà yìí náà ni Boudin bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ọlọ́rọ̀ tí ó wá gba afẹ́fẹ́ ní Trouville, àwọn obìnrin aláṣọ ńlá lórí àga onígi, lórí iyanrìn. Bí ènìyàn ti pọ̀ tó nínú àwòrán kéékèèké wọ̀nyí, a ó rí i pé ojú ọ̀run ni ó gba ibi tí ó pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó sì ń fẹ́ aṣọ obìnrin, àsíá, àti àwọsánmà sí ìhà kan.

Báyìí ni ọdún 1874 ṣe dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, ní ilé tí ayafọ́tò Nadar ti lò tẹ́lẹ̀ ní Paris, bí 30 ayàwòrán pàtẹ iṣẹ́ wọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Salon. Monet gbé àwòrán èbúté Le Havre kan wá, èyí tí ó yà ní 1872, ó sì sọ ọ́ ní Impression, Soleil levant. Akọ̀ròyìn Louis Leroy fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ sì di orúkọ ẹgbẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé àwòrán wọn kò parí. Ṣé ẹ rí i? Ẹjọ́ tí ó ti wà nílẹ̀ láti ayé Ọba Charles Kejì ni. Ohun tuntun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ̀ láti fi àwòrán àyàsílẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, wọ́n ní, "Èyí ni iṣẹ́ wa." Boudin pẹ̀lú wà nínú àwọn tí ó pàtẹ lọ́dún náà, àgbà ẹni 49 ọdún láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Òtítọ́ ń bẹ tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a yà nínú ilé ni irọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a yà níta ni òdodo. Ojú fèrèsé ni Monet ti wo èbúté Le Havre nígbà tí ó ya àwòrán tí ó di olókìkí yẹn. Inú ilé ni Jongkind ti ń fi ọ̀dà olóróró ṣe àwòrán ńlá rẹ̀, Boudin náà a sì máa parí púpọ̀ nínú tirẹ̀ nínú yàrá. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ènìyàn gbé wọ inú ilé. Ẹni tí ó ti dúró létí òkun ní ẹgbẹ̀rún òwúrọ̀ gbé òkun wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tí kò dúró rí, àwòrán ẹlòmíràn ni ó ń tún yà.

Boudin kò bá ẹgbẹ́ náà pàtẹ mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ìjọba Faransé fi fún un ní oyè Légion d'honneur ní 1892, ó sì kú ní Deauville, létí òkun, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1898. Louis àbúrò rẹ̀ fi èyí tí ó ju 200 lọ nínú àwọn àwòrán tí ó kù sínú yàrá rẹ̀ ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Le Havre lọ́rẹ. Àwọn àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí iṣẹ́ pípé ni àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò lónìí, bí wọ́n ti ń wo àwọn ìwé pélébé tí Constable yà lórí orúnkún nígbà tí aya rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá gbé àwòrán wá fún yín tí ó yà lójú ohun náà gan-an, tí etí rẹ̀ kò gún, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń sáré wọnú ara wọn, ẹ má ṣe yára fà á ya kí ẹ fi ti inú ìwé rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó rí. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nígbà tí o bá jókòó níwájú igi, odò, tàbí òkun tí o fẹ́ yà, má tijú pé iṣẹ́ rẹ kéré. Ya ohun tí ojú rẹ rí. Kí o sì kọ ọjọ́, wákàtí, àti ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá sí ẹ̀yìn rẹ̀.